Òjò ṣú l'Adó, aláboyún ńkọ́?

Bẹ́ ẹ bá wà l'Adó-Èkìtì lásìkò tójò ń rọ̀ gan-an, ẹ wo àwọn tílé wọn wà létí odò Ajilosun àti Ureje. Bójú ọ̀run bá ti ṣú báyìí, ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kó. Tẹlifíṣàn á gorí kọ́bọ́ọ̀dù, sátífíkéètì á wọnú ọ̀rá, àpò ìrẹsì á gun orí tábìlì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé tóyún ẹ̀ ti pé oṣù mẹ́sàn-án ńkọ́? Ibo ni wọ́n fẹ́ gbé e gbà bí ìrọbí bá mú un lóru, tómi sì ti gba títì?

Lórílẹ̀-èdè yìí, bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ìrẹsì, mátírẹ́ẹ̀sì àti páànù ni wọ́n sábà máa ń pín. Ìyẹn náà wúlò. Àmọ́ ọmọ tó wà nínú ò mọ̀ pé omi ya wọlé, kò mọ̀ pé iná lọ, kò sì mọ̀ pé dókítà daṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tiẹ̀ bá ti pé, ó ń bọ̀ nìyẹn.

Ká má sì rò pé omi nìkan ni àjálù. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2019, tírélà kan ya wọ àárín èrò ní Iworoko, tí ò jìnnà sí Adó rárá, ó sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì EKSU. Alẹ́ tírú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó fara pa ni gbogbo dókítà máa sáré lọ, ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ á tán, yàrá iṣẹ́ abẹ á kún. Aláboyún tó bá nílò iṣẹ́ abẹ lóru ọjọ́ náà, ta ló fẹ́ dá a lóhùn? Ọsibítù tó bá ti múra sílẹ̀ á ti yan agbẹ̀bí àti dókítà tí ò ní kúrò ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí, bó ti wù káriwo pọ̀ tó.

Ti iná tún wà ńbẹ̀. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n já iná UCH n'Ìbàdàn nítorí gbèsè, ó sì lé lọ́gọ́rùn-ún ọjọ́ kí wọ́n tó dá a padà lọ́dún 2025. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí UCH, kí lẹ fẹ́ sọ nípa hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kékeré tí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ ò lépo?

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó wo Sierra Leone. Nígbà tí Ebola ń jà níbẹ̀ lọ́dún 2014 sí 2015, ẹ̀rù ọsibítù ń ba àwọn aláboyún, òṣìṣẹ́ ò sì tó nǹkan mọ́. Nígbà táwọn olùṣèwádìí ṣírò ẹ̀, wọ́n ní ìyá, ìkókó àtàwọn ọmọ tí wọ́n bí lókùú tó bá ọ̀rọ̀ náà lọ tó 3,600, láìsí pé Ebola fọwọ́ kàn wọ́n. Iye yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí àrùn náà fúnra ẹ̀ pa níbẹ̀. Nàìjíríà sì rèé, tí àjọ ìlera àgbáyé WHO ní nǹkan bíi 75,000 obìnrin kú nítorí oyún àti ìbímọ lọ́dún 2023.

Ọ̀nà àbáyọ ò jìnnà. Lọ́dún 2009, gómìnà Oǹdó nígbà náà, Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò, bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè láti ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹdọrẹ. Wọ́n fún aláboyún ní fóònù, òṣìṣẹ́ ìlera mọ orúkọ wọn, ó mọ ilé wọn, ó sì mọ oṣù tóyún wọn wà. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá ti mọ ilé aláboyún ṣáájú òjò ló lè gbé e jáde kí omi tó dé. Oǹdó kan náà l'Èkìtì wà títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1996; ohun tí ẹ̀gbọ́n ṣe, àbúrò lè ṣe é.

Bí iná ò bá sí, abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ máa ń bà jẹ́, torí inú firíìjì ló ń gbé. Ṣùgbọ́n oògùn oníhóró misoprostol ò nílò firíìjì, Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ yìí láti ọdún 2006. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìlera ló yẹ kó wà o, kì í ṣe oògùn àdálò. Ọmọ tóṣù ẹ̀ ò pé, tí ẹ̀rọ amóoru ò ṣiṣẹ́ fún, àyà ìyá ẹ̀ ni kí wọ́n gbé e lé láìfi aṣọ sáàárín, kí wọ́n wá fi ìró so wọ́n pọ̀. Bogotá ní Kòlóńbíà làwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1975, nítorí ẹ̀rọ ò tó. WHO náà ti fọwọ́ sí i. Ìyá Yorùbá tó ń pọnmọ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe.

Tọkọ ńkọ́? Kó gba nọ́ńbà onímọ́tò méjì sílẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Kó mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá tìyàwó mu. Kó di ẹrù ìkúnlẹ̀ sínú ọ̀rá tómi ò lè wọ̀. Bílé bá wà létí odò, kí ìyàwó lọ dúró lọ́dọ̀ ẹbí tó sún mọ́ ọsibítù tóṣù bá ti pé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í parọ tó bá gbọ́n.

Gbogbo ilé ló máa ń ṣàdúrà fáláboyún pé a óò gbóhùn ìyá, a óò gbọ́ tọmọ. Kíjọba àti ọkọ ìyàwó ṣe tiwọn kí òjò tó dé, kí wọ́n wá ṣe àmín.