Ojú Kì Í Ṣe Ńlá àti Kékeré Nìkan

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní sáà tí ó kọjá, a ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin kọ àròkọ nípa ọ̀rẹ́ wọn. Bí ẹni pé wọ́n ti fi ẹnu kò ni gbogbo wọn ń kọ pé, "Ojú rẹ̀ tóbi," tàbí, "Ojú rẹ̀ kéré." Ọ̀kan ṣoṣo ni ó kọ pé ojú ọ̀rẹ́ òun dà bí èso álímọ́ńdì. A bi í bóyá ó ti rí álímọ́ńdì rí. Ó ní inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni òun ti kà á. Àwa náà kò sàn jù ú lọ, nítorí inú Bíbélì ni a ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé "ojú" kan náà ni a fi ń pe gbogbo iwájú orí àti ohun tí a fi ń ríran. Bí a bá wí pé ojú ènìyàn rí róbótó, èwo nínú méjèèjì ni? Ẹyinjú wà, ìpéǹpéjú sì wà. Ẹ jẹ́ kí a máa lò wọ́n. Ojú a máa jìn kòtò, a máa yọ síta, a máa rí rogodo, a sì máa rí tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí àwọn baba wa pe obìnrin ní ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, títóbi ojú kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n.

Ní ti álímọ́ńdì, àwọn orí idẹ tí a hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 ní irú ojú náà gan-an: ó gùn, ó sì tín-ín-rín ní ìkángun méjèèjì. Hóró ẹ̀gúsí ìbá yé ọmọ kíláàsì kẹrin jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkángun kan ni tirẹ̀ ṣóńṣó sí.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn wá jù ni ti ọmọ kan tí ẹyinjú rẹ̀ yọ síta. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní "olójú ọ̀pọ̀lọ́". A kà á sókè, a sì rẹ́rìn-ín. Kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, orúkọ tí gbogbo ilé-ìwé ń pè é nìyẹn. A kò lè dá ẹni tí ó kọ ọ́ lẹ́bi, nítorí a kò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbẹ́gilére wa a máa gbẹ́ irú ẹyinjú bẹ́ẹ̀ sí ojú ère ìbejì, ẹnikẹ́ni kò sì kà á sí ẹ̀gàn. A ti bẹ ọmọ náà, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò tíì kúrò lára rẹ̀ nígbà tí àwa kúrò níbẹ̀.