Àbùkù Kọ̀ǹpútà Tí Ó Lè Dá Ìléru Dúró

Láti 1967 ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Kalambaina, lẹ́bàá ìlú Sókótó. Bíríkìlà Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ kò ní í fẹ́ gbọ́ pé ìléru náà tutù.

Lóde òní, kọ̀ǹpútà ní í darí irú ìléru bẹ́ẹ̀. Àyè tí ó mọ níwọ̀n ni ètò inú rẹ̀ ń pín fún ọ̀rọ̀ tí a bá fi ránṣẹ́ sí i. Bí kò bá wọn ọ̀rọ̀ náà wò kí ó tó gbà á, èyí tí ó bá lé yóò ṣàn wọ àyè kejì, níbi tí ohun tí ń tọ́ ẹ̀rọ sí iṣẹ́ tí ó kàn wà. Ọ̀daràn tí ó gbọ́n a sì fi àṣẹ tirẹ̀ rọ́pò ti onílé.

Ní oṣù kẹfà 2008, Core Security kéde irú àbùkù yìí nínú CitectSCADA, ètò tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lágbàáyé fi ń darí ẹ̀rọ. (Èyí kò sọ pé Kalambaina ń lò ó.) Àtúnṣe ti wà nílẹ̀, síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án, ẹnìkan tẹ ọ̀nà tí a lè gbà fọ́ ọ jáde ní gbangba.

Ìléru kì í sáré tutù, kì í sì í sáré gbóná. Nítorí náà ni àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ṣe ń sún àtúnṣe síwájú. Kí ọjọ́ títún ìléru ṣe tó pé, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ya kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí akọ̀wé fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì.