Irinṣẹ́ Ìjàpá Kì í Ṣe Pàǹtí

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni ayé ń bá a pè é. Ọkọ̀ Volkswagen Beetle, tí àwọn baba wa sọ ní Ìjàpá, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ pọ̀ ní Èkó. Ní 2003, ilẹ̀ Mẹ́síkò ṣe èyí tó gbẹ̀yìn. Kò sí tuntun mọ́.

Àwọn tó ń tọ́jú Ìjàpá lónìí a máa kun ún, wọn a máa rán ìjókòó rẹ̀. Irinṣẹ́ tó bá a ti ilé-iṣẹ́ wá ńkọ́? Jáàkì rẹ̀, àti sípánà òun pílíásì inú àpò rẹ̀, ti bá onírin àlòkù lọ. Hazet, ilé-iṣẹ́ irinṣẹ́ kan ní Jámánì, tilẹ̀ ṣe àpótí irinṣẹ́ roboto kan nígbà náà, tó ń wọ àárín táyà sípíà Ìjàpá géérégé. Àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ń wá a kiri bí ẹní ń wá wúrà.

Lójú tèmi, Ìjàpá tí kò ní irinṣẹ́ rẹ̀ dà bí alágbẹ̀dẹ tí kò ní ẹmú. Irinṣẹ́ wọ̀nyẹn ló ń jẹ́rìí pé awakọ̀ ayé ọjọ́un ní láti lè tún nǹkan ṣe fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

Nítorí náà, kí ẹ tó ta ọkọ̀ baba yín fún onírin, ẹ ṣí iwájú rẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni búùtù rẹ̀ wà. Ẹ fi epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ nu ohun tí ẹ bá rí. Ẹ má ha á, kí àmì ilé-iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ má bàa parẹ́. Ẹ má sì ṣe yà á kúrò lára ọkọ̀ rẹ̀. Bí àwa bá pè é ní pàǹtí, ta ni yóò pè é ní ohun iyebíye?