Ẹ̀wà Ju Ìyẹ̀fun Inú Ike Lọ

Mo mọ̀ pé àwọn tí a jọ ń gbé irin máa bínú sí mi, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.

Àkọ́kọ́, òfò ni ìyẹ̀fun purotéènì tí a ń dáwó rà yẹn. Sáà tó kọjá, mi ò jẹun ọ̀sán kí n lè rí tèmi dá. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, irin tí mo ń gbé wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ ti wúwo jù fún mi. Ebi ni! Ẹyin kan ní purotéènì bíi gíráàmù 6. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín àti ẹja ṣáwá náà ní in, ìyá mi sì ń sè wọ́n nílé.

Èkejì, iṣu àti gàrí kì í ṣe ọ̀tá wa. Àwọn ló ń fún wa lágbára tí a fi ń gbé irin.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó ń gbé irin lójoojúmọ́ kò gbọ́n ju ẹni tó ń sinmi lọ. Ìgbà tí a bá sinmi ni iṣan ń dàgbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, àwa tó ń gbé símẹ́ǹtì inú agolo kì í ṣe jàǹdùkú. Ó sàn kí ẹ dúró tì wá ju ká máa fi ẹ̀yìn wa kọ́gbọ́n lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kó kọ́kọ́ jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán.