Ẹ Má Dá Ẹ̀ka-Èdè Lẹ́bi Nítorí Dunbar

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ń sọ pé ẹ̀ka-èdè ni Paul Laurence Dunbar fi ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́, àti pé ẹni tó bá fẹ́ kí ayé ka òun sí kò gbọdọ̀ kọ̀wé bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nínú ilé ìyá rẹ̀. N kò gbà. Ẹ̀rí tí wọ́n ń mú wá gan-an ló tako wọn.

Ìlú Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni wọ́n bí Dunbar sí ní 1872. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí ní Kentucky. Ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sókè ilé ni wọ́n ní kó máa darí, ní dọ́là 4 lọ́sẹ̀. Àwọn tó ń wọ ẹ̀rọ náà ló ń ta ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Oak and Ivy, fún.

Ní 1896, William Dean Howells, tí àwọn òǹkàwé Amẹ́ríkà ń tẹ́tí sí gidigidi, yin ìwé rẹ̀ kejì. Orúkọ Dunbar kàn káàkiri. Ṣùgbọ́n ewì ẹ̀ka-èdè ni Howells gbé lárugẹ. Kò ka ti Gẹ̀ẹ́sì ìwé sí tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn olóòtú ti mọ ohun tí wọn yóò máa béèrè: àwàdà àti oko ẹrú tí inú ẹrú ń dùn níbẹ̀. Ọmọ Ohio sì ni, kò gbé oko ẹrú rí. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ìtàn Kentucky. Ní 1897, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ kan pé ìdájọ́ Howells ti ṣe òun ní ibi tí kò ní àtúnṣe. (Ó bá ilẹ̀ wa tan pàápàá: ó wà lára àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ orin In Dahomey, eré tí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe ní Broadway ní 1903. Dahomey inú eré yẹn kì í ṣe èyí tí Kétu rí ní 1886.) Ikọ́-ife pa á ní 1906, ní ọmọ ọdún 33.

Ta ni kí a dá lẹ́bi? James Whitcomb Riley, aláwọ̀ funfun ará Indiana, kọ ewì ní ohùn àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀, ó sì di olókìkí. Kò sẹ́ni tó fi ewì rẹ̀ díwọ̀n làákàyè gbogbo aláwọ̀ funfun. Ọjà ni kò rí bákan náà.

Mo mọ̀ pé ẹ óò na James Weldon Johnson sí mi. Ní 1922 ó kọ ọ́ pé ohùn méjì péré ni ẹ̀ka-èdè yìí ní, ti ẹ̀rín àti ti àánú. Ẹ kà á síwájú díẹ̀ sí i: òun náà ló sọ pé kì í ṣe ẹ̀ka-èdè lòun ń dá lẹ́bi bí kò ṣe àṣà tí wọ́n há a mọ́. Nígbà tí Sterling Brown fi ohùn àwọn òṣìṣẹ́ ìhà gúúsù kọ Southern Road ní 1932, tí kò sí oko aláyọ̀ kankan nínú rẹ̀, Johnson fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀.

Dunbar pàápàá ti yọ́ kẹ́lẹ́ jáde nínú àhámọ́ yẹn. Nínú “An Ante-Bellum Sermon”, oníwàásù ń sọ ti Mósè àti Fáráò fún àwọn ẹrú. Ó ń tẹnu mọ́ ọn pé ti ayé àtijọ́ lòun ń wí, kì í ṣe ti òní. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìjọ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Èdè ìwé kò lè bá a pa àṣírí yẹn mọ́. Kí ẹni tó bá ń fi Dunbar dẹ́rù ba akéwì ohùn Kétu tàbí ti Ṣábẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ ka ewì yìí sókè ní ìpàdé wa, kó tó bá wa jiyàn.