Ohun Tí A Gún: Pesto, Efínrín àti Orúkọ Wọn

Àwọn àgbà ní bí a gúnyán nínú odó, bí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ọ̀rọ̀ odó ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe odó iyán. Odó kékeré tí wọ́n fi òkúta mábù gbẹ́ ni, láti ìlú Genova, tí àwọn Faransé ń pè ní Gênes, ní etíkun àríwá ilẹ̀ Ítálì. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gún ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé tí a kì í gbé kaná, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé: pesto.

Orúkọ náà kò ní àdììtú kankan. Láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe pestare ni ó ti jáde, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju “gún” lọ. Ohun tí a gún ni pesto. Giovanni Battista Ratto kọ ọ́ sínú ìwé ìdáná àwọn ará Genova ní ọdún 1863. Láti ọdún 2005 ni òfin Yúróòpù sì ti ń dáàbò bo efínrín agbègbè náà: èyí tí a bá gbìn síbòmíràn kò gbọdọ̀ jẹ́ Basilico Genovese lọ́jà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ wá ewé efínrín tútù tó tó 50 gíráàmù, aáyù méjì, ṣíbí kóró igi páìnì kan (pignon ni Faransé ń pè é), ṣíbí mẹ́fà wàràkàṣì Parmigiano tí a ti rin, ṣíbí méjì Pecorino tí wọ́n fi wàrà àgùntàn ṣe, iyọ̀ oníhóró díẹ̀, àti ààbọ̀ ife òróró ólífì. Ẹ fọ ewé náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ kí omi rẹ̀ gbẹ, ẹ má fi ọwọ́ ra á. Ẹ kọ́kọ́ gún aáyù àti iyọ̀. Ẹ wá máa fi ewé sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa yí ọmọ odó, kí ó máa tẹ ewé mọ́ ara odó. Kì í ṣe gbì-gbì bí ẹni ń gúnyán. Lẹ́yìn náà ni kóró páìnì, lẹ́yìn rẹ̀ wàràkàṣì, kí òróró gbẹ̀yìn.

Ẹ̀rọ ìlọta lè ṣe é kíá, ṣùgbọ́n bí abẹ rẹ̀ bá yí pẹ́, á gbóná, ewé á dúdú, òórùn rẹ̀ á sì fò lọ. Bí ó bá ṣẹ́kù, ẹ da òróró bò ó lójú, ẹ gbé e sínú fìríìjì, ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Aáyù tútù nínú òróró kò ṣé fi sílẹ̀ lórí tábìlì: kòkòrò botulisme lè pọ̀ níbẹ̀, májèlé rẹ̀ kì í sì í yí òórùn tàbí adùn padà. Ẹni tí kò ní fìríìjì, kí ó gún ìwọ̀nba tí ilé lè jẹ tán lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí pé pesto kò fẹ́ ooru, ó ní bí a ṣe ń fi í sínú sáńwíìṣì gbígbóná. Ẹ la búrẹ́dì sí méjì, ẹ fi wàràkàṣì àti tòmátì sáàárín, ẹ gbé e sórí páànù lórí iná tí kò le, kí ẹ fi ìdérí ìkòkò tó wúwo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wàràkàṣì bá yọ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ fi pesto ra á nínú, ẹ padà dé e. Ooru búrẹ́dì náà tó láti jí òórùn ewé.

Ẹnìkan á ní: níbo la ti fẹ́ rí kóró páìnì àti Parmigiano, ọjà olówó gọbọi? Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìnkùlé wa. Efínrín wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀. Efínrín ńlá náà wà, èyí tí àwọn Fọ̀n ń pè ní tchiayo, tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe àgbo inú rírun. Ìdílé kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ti Genova, Ocimum lórúkọ wọn lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko. Efínrín ńlá le lẹ́nu, òórùn rẹ̀ sún mọ́ ti kànáfùrù, nítorí náà kí ẹ dín in kù. Kajú kún oko Ṣábẹ̀, ó sì lè rọ́pò kóró páìnì. Wàgàsì àwọn Fúlàní kì í yọ́ lórí iná. Ẹ gé e pẹlẹbẹ, ẹ dín in kí ó pọ́n, kí ẹ tó tẹ́ ẹ sínú búrẹ́dì.

Ṣé pesto náà ni èyí? Lójú tiwa, rárá, kò sì yẹ kí a pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Provence ní gúúsù ilẹ̀ Faransé ń gún efínrín, aáyù àti òróró ólífì pọ̀ láìfi kóró páìnì sí i. Wọn kò yá orúkọ aládùúgbò wọn lò. Pistou ni wọ́n pè é, nítorí pé ohun tí a gún ni ìtumọ̀ tirẹ̀ náà lédè wọn. Àwa náà ní odó, a ní ọmọ odó, a sì ní ọ̀rọ̀ náà “gún”.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ ọn ni pé nínú kíláàsì, ọmọ tó mọ basilic lórí ìwé pọ̀ ju ọmọ tó lè tọ́ka sí efínrín nínú ọgbà ìyá rẹ̀ lọ. Bí orúkọ bá kúrò lẹ́nu ọmọ, ta ni yóò bomi rin ewé náà lọ́la? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àgúnpọ̀ efínrín ni àwa ń pè é títí dìgbà tí a ó fi gbọ́ orúkọ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ láti Kétu, Ṣábẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gún un, ẹ rán ọmọ lọ já ewé náà wá, kí ẹ sì jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ohun tó já kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.