Ọmọ lóko, ìwé nílé: ṣé ó lè ṣeé ṣe ní àríwá Èkìtì?

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo bàbá àti ìyá kan tí wọ́n ń gbé ní abà, ká sọ pé láàárín Ìtàpájì sí Ìpaò. Wọ́n gbin iṣu, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ń sin adìyẹ àti ewúrẹ́ díẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ wọn jù, ọ̀kadà lọmọ máa gùn débẹ̀, ojú ọ̀nà tí àgbàlagbà gan-an ń bẹ̀rù láti rìn sì ni ọ̀kadà náà máa gbà. Kí ni kí wọ́n ṣe? Ṣé kí wọ́n kó wọ Ìkọ̀lé, kí wọ́n pa oko tì? Àbí kí wọ́n fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà nílùú? Ọ̀nà kẹta ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: kí wọ́n jókòó sóko, kí bàbá àti ìyá fúnra wọn máa kọ́ àwọn ọmọ níwèé nínú ilé, kí iṣẹ́ oko sì jẹ́ ara ẹ̀kọ́ náà.

Ẹlòmíràn á ní àṣà òyìnbó lèyí. Lóòótọ́, ní Amẹ́ríkà, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló fàyè gba òbí láti kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé, ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ ló sì pa á pọ̀ mọ́ oko dídá àti ẹran sísìn. Jámánì ní tirẹ̀ kò gbà á, ilé ẹ̀kọ́ ni gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé èrò yìí wá sọ́kàn òbí lọ́dọ̀ tiwa yàtọ̀ pátápátá sí ti Amẹ́ríkà. Ìbẹ̀rù ni, ẹ má jẹ́ ká fi bò.

Kò sẹ́ni tó máa gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024 ní Èkìtì. Ọjọ́ náà ni wọ́n pa ọba méjì, Onímọ̀jọ ti Ìmọ̀jọ àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn, lójú ọ̀nà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé. Alárá ti Àrá ló rí ọ̀nà sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan náà ni àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan dúró ní Ẹ̀mùrẹ́, wọ́n kó àwọn ọmọ kéékèèké, àwọn olùkọ́ àti awakọ̀ wọn lọ. Ó di ọjọ́ 4 oṣù kejì kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀, awakọ̀ náà kò sì padà wálé láàyè. Ẹ̀mùrẹ́ kò sí ní apá ọ̀dọ̀ wa, a mọ̀. Ṣùgbọ́n òbí tó wà ní Òkè-Àkò tàbí Ìrèlè kò wo máàpù kó tó bẹ̀rù. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n tún wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ẹ̀rúkù ní Kwara, tí kò jìnnà sí ààlà wa, wọ́n kó àwọn olùjọsìn lọ. Lọ́sẹ̀ kan náà ni wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Kebbi àti Niger, tí ìjọba àpapọ̀ fi ti púpọ̀ nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀.

Ìyẹn ni pé nígbà tí òbí kan bá ní òun kò rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́, kì í ṣe pé kò mọyì ìwé. Èkìtì wo ni kò mọyì ìwé?

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí oko àti ìwé ti pínyà. Títí di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, oko ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kẹ́kọ̀ọ́, lọ́wọ́ bàbá àti ìyá. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, iye ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó ju 811,000 lọ. Nǹkan ńlá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ yẹn ka ìwé mẹ́fà tán, ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́, iṣẹ́ ọ́fíìsì kò sì tó wọn. Ìdí nìyẹn tí ìjọba kan náà fi dá àwọn ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ láti 1959, tí wọ́n wo ti Ísírẹ́lì ṣe. Ọ̀kan wà ní Ọ̀rìn-Èkìtì níbí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì. Àwọn ọ̀dọ́ tó ka ìwé mẹ́fà ni wọ́n kó, wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ àgbẹ̀ fún ọdún méjì, wọ́n fún wọn nílé àti ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí èrè tó dé. Èrò náà dára, àmọ́ ẹni tó ti fi ọdún mẹ́fà rò pé ìwé ni yóò yọ òun lóko, ó ṣòro kí ẹ tó dá a padà sóko pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́.

Ìdílé tó ń fi oko àti ìwé pọ̀ nínú ilé kan, ohun tó pínyà nígbà yẹn ló ń gbìyànjú láti so padà. Ẹ̀kọ́ sì wà lóko ju bí àwa tí a jókòó sílùú ṣe rò lọ. Ẹ wo ebè. Igba igba ni àwọn bàbá wa fi ń ka ebè. Ọmọ tó bá mọ igba mọ́ ọn lọ́wọ́ á tètè mọ ìdí tí a fi ń pe igba mẹ́ta ní ẹgbẹ̀ta, tí a fi ń pe igba mẹ́rin ní ẹgbẹ̀rin. Bí iṣu kò bá hù nínú ebè márùndínláàádọ́ta nínú ẹgbẹ̀ta, mélòó ni kò hù nínú ọgọ́rùn-ún? Méje ààbọ̀. Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ka ebè wọ̀nyẹn kò ní gbàgbé ìṣirò yẹn. Kírétì ẹyin kan jẹ́ ọgbọ̀n. Kí ọmọ máa kọ iye ẹyin ojoojúmọ́ sínú ìwé kan, kó yọ owó oúnjẹ adìyẹ kúrò nínú owó tí wọ́n tà, kó sọ èrè tàbí àdánù fún ìyá rẹ̀ ní òpin oṣù. Kí wọ́n kó ike kan sí ìta gbangba láti wọn òjò. Ìṣirò ni, sáyẹ́ǹsì ni, ọ̀rọ̀ ajé ni.

Nípa èdè ńkọ́? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Àlàúsá, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ilé lè lo èdè tó yé ọmọ. Kó kàn rántí pé “ulé” tí à ń sọ ní Èkìtì, “ilé” ni ìwé ń kọ, kí ọmọ mọ méjèèjì.

Ibi tó le rèé o. Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti 2004 sọ pé òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ òun lọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré, kó sì parí rẹ̀. Ìkìlọ̀ ni fún ẹni tó bá kọ́kọ́ rú u. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì pọ̀. Owó yẹn kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù lónìí. Ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni pé lójú òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọ tó ń kàwé dáadáa nínú abà àti ọmọ tí wọ́n kàn mú kúrò nílé ẹ̀kọ́ kó lè máa ru iṣu, ọ̀kan náà ni wọ́n. Orúkọ méjèèjì kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tó ń fi ọmọ ṣiṣẹ́ yóò sì máa fi ẹni tó ń kọ́ ọmọ bojú.

Àwa náà gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún ara wa. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003 gbà kí ọmọ ṣe iṣẹ́ oko fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ ìdílé rẹ̀. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n pè é. Kí ọmọ ọdún mẹ́jọ fún adìyẹ lóúnjẹ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kó wá jókòó ti ìwé láti aago mẹ́jọ di mọ́kànlá, kó tún tẹ̀lé bàbá rẹ̀ dé oko nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, ìyẹn dára. Kí ó máa kọ ebè láti àárọ̀, kí wọ́n wá ní kó kàwé lálẹ́ nígbà tó ń tòògbé, irọ́ ni wọ́n ń pa. Oògùn apakoríko ńkọ́? NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024, síbẹ̀ kì í ṣe òun nìkan ni májèlé tó wà lóko. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fín oògùn, kí ọmọ má sún mọ́bẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká bi í náà: ta ló máa kọ́ ọmọ ọ̀hún gan-an? Ìyá ni, àfàìmọ̀. Ìyá tó ń dín gaàrí, tó ń sebẹ̀, tó ń pọn àbúrò sẹ́yìn, ni a tún fẹ́ kó di tíṣà. Bí bàbá kò bá ní gba wákàtí méjì lójúmọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò ló kù. Ọmọ tó bá ti dàgbà lè forúkọ sílẹ̀ fún WAEC tàbí NECO gẹ́gẹ́ bí aládàáni, ohun tí a ń pè ní GCE, kó sì ti ibẹ̀ wọ JAMB. Ṣùgbọ́n ìdánwò tó wà ṣáájú ìyẹn, ti ìwé mẹ́fà àti ti girama kékeré, ilé ẹ̀kọ́ ló ń forúkọ ọmọ sílẹ̀. Nítorí náà, ìdílé tó bá fẹ́ ṣe èyí kò gbọdọ̀ já okùn tó so wọ́n mọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìlú wọn. Kí orúkọ ọmọ wà níbẹ̀, kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mọ ipò tí wọ́n wà, kí ọmọ wá ṣe ìdánwò ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan. Kò sí òfin pàtó tó ṣètò èyí fún wa, ibẹ̀ sì ni àwọn aṣòfin ní Adó ní iṣẹ́ láti ṣe.

Ìjọba kò lè ní kò ṣeé ṣe. Nígbà Kòrónà ní 2020, wọ́n gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Èkìtì. Rédíò dé abà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé. Fásitì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́ ní ọgbà ní Ìkọ̀lé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá oko tí wọ́n máa ti kọ́ṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Kí ló dé tí wọn kò lè kọ́ ọmọ àgbẹ̀ ní ìwé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí àgbẹ̀ sì kọ́ àwọn náà ní tiẹ̀?

Ní tèmi, mi ò rò pé gbogbo ìdílé ló lè ṣe é. Ọmọ nílò ẹgbẹ́, ó nílò ẹni tó máa bá a du ipò kìíní, èyí kò sì sí nínú abà. Bí ọ̀nà bá dára lọ́la, tí ọ̀kadà lè lọ kó sì bọ̀ láìsí ìfòyà, ọ̀pọ̀ àwọn òbí yìí ni yóò dá ọmọ wọn padà sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì, ibẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n wà. Ẹni tí kò lè dúró di ọjọ́ náà, kó lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó, kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé. Kó mú ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ àti ìwé àbájáde sáà tó kọjá dání, kó sọ fún wọn ohun tó fẹ́ ṣe, kó sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.